Dókítà ọmọdé tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè: ṣé kó lọ ni, àbí kó dúró sí Ìjẹ̀bú?

ÌBÉÈRÈ (dókítà tuntun, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣàgámù ni mo ti kàwé jáde, mo ti ṣe house job (ọdún iṣẹ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ àwọn dókítà àgbà), mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni ọkàn mi fà sí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ mú mi lọ sí Sierra Leone fún ọdún kan. Wọ́n á fún mi nílé àti owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù. Bàbá mi gbọ́, wọ́n fárígá. Wọ́n ní àwọn ò torí kí ọmọ àwọn lè máa wo ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́ ta ilẹ̀. Àwọn tá a jọ jáde ń ṣe ìdánwò PLAB, wọ́n ń múra àtilọ sí ìlú Ọba. Ìyá mi ní tí mo bá fẹ́ ṣàánú, ṣé kò sí ọmọ tó ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú ni? Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ fèsì sí. Ṣé kí n lọ?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Lọ. Ṣùgbọ́n má lọ lọ́dún yìí.

Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ní apá ìlà-oòrùn Sierra Leone. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n fi mí sí. Mo ti padà délé, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ nínú gbogbo èsì mi níbí.

Ìdí tí mo fi ní má lọ lọ́dún yìí ni pé níbẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa jí lóru, ìwọ náà ò sì ní rí ẹni tí wàá jí. Nílé, bí gìrì bá mú ọmọ tí kò dáwọ́ dúró, o lè ké sí registrar, dókítà tó jù ọ́ lọ, registrar lè ké sí kọ́ńsọ́tántì, ọ̀gá gbogbo yín. Ní ibi tí mò ń sọ yìí, nọ́ọ̀sì ló máa ké sí ọ, ibẹ̀ ló sì parí sí. MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1971, máa ń fẹ́ kí dókítà ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì ó kéré tán kí wọ́n tó rán an lọ. Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń rò. Ẹgbẹ́ tó bá gbà ọ́ láìbéèrè ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe, yẹ wọ́n wò dáadáa.

Wá ibi tí wàá ti ṣe ọdún méjì nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé: Ṣàgámù, ilé ìwòsàn ìjọba Ìjẹ̀bú-Òde, ti Babcock ní Ìlíṣàn, ibi tó bá ṣáà ti gbà ọ́. Mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lára ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Mọ bí wọ́n ṣe ń fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọmọ tuntun tí kò bá ké, mọ bí wọ́n ṣe ń fi báàgì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, di ẹrù rẹ.

* * *

ÈSÌ KEJÌ: Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Púpọ̀ nínú àwọn tó ti dá sí i gbè sẹ́yìn bàbá. Ẹni tó kọ̀wé láti Ìpẹ́rù ní ẹni tí kò tíì tún ilé ara rẹ̀ ṣe kò ní nǹkan ń wá níta. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ọmọ olówó nìkan ló wà fún. Ẹnì kan tiẹ̀ pe bàbá ní oníwọra, ìyẹn ni mi ò fara mọ́ rárá. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé bàbá ò déédé ta á. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí owó ọ̀hún wọlé sí.

Ibi tí gbogbo wọn ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ètò kan, Technical Aid Corps, tí gbogbo èèyàn ń pè ní TAC. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ló mú àbá rẹ̀ wá nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ó ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti agbẹjọ́rò lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn erékùṣù Caribbean àti ti Pacific. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò. Nàìjíríà ló ń san owó ìtọ́jú wọn, ìlú tó gbà wọ́n ló ń fún wọn nílé. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń pe ẹni tó bá lọ, síbẹ̀ kò lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. MSF ń bá dókítà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n sì ń san nǹkan fún un lóṣooṣù. Mercy Ships, àwọn tó ní ọkọ̀ òkun tó jẹ́ ilé ìwòsàn, yàtọ̀ pátápátá: ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kì í gba owó oṣù, àwọn fúnra wọn ló sì ń wá owó ìrìn àjò wọn. Àwọn agbódegbà kéékèèké kan sì tún wà tí wọ́n á gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó fi í sí wọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Sá fún wọn.

Ti ẹgbẹ́ tìrẹ yìí, béèrè kó o tó tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ta ló ń san owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀? Bí àìsàn ńlá bá kọlù ọ́, ta ló máa gbé ọ kúrò níbẹ̀, lọ sí ìlú wo? Ṣé wọ́n ní ìnṣọ́ránsì, orúkọ rẹ sì wà nínú rẹ̀? Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́jọ́, ta ló máa dúró fún ọ? Ẹgbẹ́ tí inú bá bí nítorí ìbéèrè wọ̀nyí, má tẹ̀ lé e.

Ní ti ilé, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi owó àwọn àbúrò mi pa mọ́ kí n tó lọ. Owó iléèwé wọn ti wà nílẹ̀, ìyá mi ò ní láti máa pè mí nítorí rẹ̀. Tí bàbá bá rí i pé nǹkan ò ní dẹnu kọlẹ̀ nílé nígbà tó ò sí níbẹ̀, ohùn wọn máa yí padà. Kì í ṣe àánú ni wọ́n kórìíra, ẹ̀rù ń bà wọ́n ni.

* * *

ÈSÌ KẸTA: «ILÉ LÀ Á TÍ Í KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE»

Òwe yìí ti jáde lẹ́nu èèyàn bíi mélòó kan níbí. Ìyá tó kọ̀wé láti Odògbólú ló sọ ọ́ lọ́nà tó dùn mí jù: ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ̀ kú ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án nítorí pé kò sí dókítà ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ wá ń sọ pé kí àwọn tá a ní máa lọ síta.

Mà á, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà nìkan, ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lóṣooṣù, ó ń ya ìlà bí wọ́n ṣe ń wúwo sí i sórí káàdì, ó sì fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá ọmọ. Káàdì tẹ́ ẹ gbà nígbà tẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Láti Ìmẹ̀sí ló ti tàn ká ayé. England náà ní àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn nígbà yẹn.

Ẹ sì wo ẹni tiwa. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Olíkóyè Ransome-Kútì ní 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School. Ó kàwé dókítà ní Dublin, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé ní London, ó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó di mínísítà ìlera ní 1985, ó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ òun ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, àti ilé ìtọ́jú kéékèèké ní àdúgbò. Ohun tó kọ́ níta wà lára ohun tó fi tún ilé ṣe.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá lọ ló máa dà bíi wọn. Mò ń sọ pé ìlà tí ẹ fà sáàárín ọmọ wa àti ọmọ ọlọ́mọ, kì í dúró síbi tẹ́ ẹ fà á sí. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ níbẹ̀ náà ló ń pa wọ́n níbí: ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹunre-kánú, àti bíbí ọmọ láìpé oṣù. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lójú níbẹ̀ á mọ̀ wọ́n lójú ní Odògbólú.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Dókítà àgbà kan láti Ṣàgámù béèrè pé kí gan-an ni mo kọ́ níbẹ̀ tí mi ò lè kọ́ níbí. Ìbéèrè tó dáa ni. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó pé.

Ọmọ kan wà tí wọ́n bí ní oṣù keje. Kò tó kílò méjì. Àárín ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé, ihò imú rẹ̀ ń là, ó sì ń kérora ní gbogbo ìgbà tó bá mí síta. Nílé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ olówó gọbọi ni wọ́n máa fi ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ olórí méjì, ó fi sí ihò imú ọmọ náà, ọ́síjìn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìkángun rọ́bà náà kejì, ó tì í bọ inú ìgò omi, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ ojú omi. Bí ìkángun yẹn bá ṣe jìn sínú omi tó ni agbára afẹ́fẹ́ tó ń di ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà mú kó má pa dé. Omi inú ìgò ń hó kútúkútú láìdákẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà kẹ̀yìn sí i, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Lójijì ó dìde. Èmi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó gbọ́ ni pé omi ti dákẹ́: rọ́bà ti yọ nímú ọmọ. Ó tún un ṣe, omi tún ń hó, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Nígbà tí iná lọ lóru ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn kú, sìlíńdà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, spánà sì wà lórí rẹ̀. Òun ló gbé e síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà lọ sílé.

Ẹ̀ka tí mo wà báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ti ń lo irú ìgò yìí. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa, nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́ wọn nípasẹ̀ mi.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN: TA NI OLÙYỌ̀ǸDA ARA ẸNI GAN-AN?

Mo fẹ́ dúró lórí nọ́ọ̀sì yìí díẹ̀, nítorí ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mẹ́nu bà á.

Ìjọba kì í sanwó fún un.

Ní Sierra Leone, láti 2010, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní kí ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún àti abiyamọ jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tó dára gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn máa ń tán. Nílé wa níbí, mo ti rí bàbá tí wọ́n rán lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gìrì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sierra Leone, ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn kò sí nínú ìwé owó oṣù. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní PIN, ẹni tí kò bá ní in, ìjọba ò mọ̀ ọ́n. Ọdún lè gorí ọdún kí ó tó jáde. Wọ́n á máa wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á máa ṣe òru, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Volunteer ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn náà.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Èmi dé láti Nàìjíríà, mo ní ilé, mo ní owó oúnjẹ, mo ní ìnṣọ́ránsì, wọ́n ń kí mi kú àánú. Ẹni tó dúró tì mí ní òru kò ní ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Kí ni èèyàn máa ṣe? Àríyànjiyàn gidi wà láàárín àwa tá a lọ. Àwọn kan ń pín owó wọn fún àwọn nọ́ọ̀sì. Èmi lòdì sí i. Mo rí bó ṣe dá ìjà sílẹ̀: ẹni tó gbà lánàá ń retí lónìí, ẹni tí kò gbà dẹ́kun wíwá, nígbà tí dókítà náà sì lọ, gbogbo rẹ̀ wó. Ohun tí èmi àti màtírọ́ọ̀nù jọ ṣe ni pé a kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, màtírọ́ọ̀nù buwọ́ lù ú, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì ìlera àgbègbè, kò sì yé lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo bá kọ́ wọn, mo ń fún wọn níwèé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fi tọrọ PIN. Díẹ̀ nínú wọn rí i gbà kí n tó kúrò. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò tíì rí i nígbà tí mo kúrò, ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, dókítà, tó o bá débẹ̀, abẹ́ màtírọ́ọ̀nù ni kó o wà. Má ṣe yí ètò wọ́ọ̀dù padà ní oṣù àkọ́kọ́. Béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ó máa ń nídìí.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ: ÀWỌN TÓ Ń WÁ SÍLÉ FÚN ỌJỌ́ MẸ́TA

Ẹ̀gbọ́n kan láti London kọ̀wé pé kò yẹ ká máa fa ọ̀rọ̀ gùn, pé régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra) tàwọn ń kó dókítà wálé ní gbogbo ìgbà Ojúde Ọba, ọdún Ìjẹ̀bú tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọ́n á wo àìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo èèyàn á sì jàǹfààní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ rẹ̀ tì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ fún owó àti àkókò yín. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọdé, ọjọ́ mẹ́ta kéré jù. Ọmọ tó ní sickle cell, àìsàn tá à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, oògùn rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́: folic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, penicillin nígbà tó bá ṣì kéré, àti hydroxyurea fún ẹni tó bá yẹ. Ẹni tó wò ó ní ọjọ́ kẹta Iléyá kò ní sí nílé ní oṣù Agẹmọ. Ọmọ tí àìjẹunre-kánú rẹ̀ bá le débi pé àyíká apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 nígbà tá a fi téèpù wọ̀n ọ́n, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ padà. Oògùn aràn àti vitamin tẹ́ ẹ pín, ó dáa, àmọ́ ilé ìtọ́jú àdúgbò lè pín ìyẹn láìsí yín.

Tí régbérégbé yín bá fẹ́ gbọ́ tèmi: ẹ yan wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn àti iná búlúù tí wọ́n ń fi wo ibà pọ́njú (jaundice) ọmọ tuntun. Ẹ san owó sólà tó máa gbé wọn. Ẹ sì san owó ẹni tó máa tún wọn ṣe, torí mo ti rí ẹ̀rọ tó dúró síbi tí wọ́n já a sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò ìfilọ́lẹ̀. Dókítà yín tó fẹ́ wá, kó wá lo oṣù mẹ́ta, kó jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Mo sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ àwọn régbérégbé wa, ìfẹ́ ìlú náà sì wà lọ́kàn wọn.

* * *

ÈSÌ KEJE: IBÀ PỌ́NJÚ

Ọ̀rọ̀ iná búlúù tí mo dárúkọ ti mú ìbéèrè wá. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ní Ìta-Ọ̀ṣun ní ojú ọmọ òun pọ́n, ìyá ọkọ òun ní kí òun máa gbé e sóòrùn, kí òun sì fún un ní omi ìbẹ́pẹ. Ọ̀rọ̀ dókítà tó fẹ́ rìnrìn àjò lè dúró ná.

Mà á, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oòrùn ojú fèrèsé kò tó. Omi ìbẹ́pẹ, omi glúkóòsì, ampiclox, kò sí èyí tó ń wo ibà pọ́njú, àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Bí ojú ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí kò mu ọmú mọ́, tí igbe rẹ̀ yí padà, tàbí tó ń na ẹ̀yìn sẹ́yìn, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pọ́n ojú yẹn lè wọ ọpọlọ, ọmọ á yè é, ṣùgbọ́n ó lè má gbọ́ràn mọ́, ó sì lè má lè gbé ọrùn dúró.

Ẹ tún yẹ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ fún un wò. Ṣé inú àpótí màmá ló ti jáde? Ṣé kàfúrà wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ọkùnrin pàápàá, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́. Òórùn kàfúrà lára aṣọ àti ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n wọ́n tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́, ìgbà yẹn ni ojú á pọ́n kankan. Ẹ kó gbogbo aṣọ náà kúrò lára rẹ̀. Fífọ̀ lásán kò tó, ẹ wá òmíràn tí kò bá kàfúrà gbé rí. Ẹ má bá màmá jà, aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n kó fún ọmọ yín.

(Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ, wọ́n sì ti fi sábẹ́ iná. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀wé padà. Mo dúpẹ́.)

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Ní kúkúrú, ẹni tó béèrè bóyá òun lè máa fi fọ́tò àwọn ọmọ tí òun ń tọ́jú síta kí àwọn èèyàn lè dáwó: rárá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ kò lè sọ fún dókítà pé òun ò fẹ́. Ya fọ́tò òrùlé tó ń jò.

* * *

ÈSÌ KẸSÀN-ÁN: Ẹ̀RÙ, OÚNJẸ, ÀTI ABIYAMỌ

Nọ́ọ̀sì kan láti Ìkẹ́nnẹ́ béèrè bóyá obìnrin tó ní ọkọ àti ọmọ lè lọ. Ó lè lọ. Àwọn ètò kan gbà kí ẹbí bá èèyàn lọ, àwọn mìíràn kò gbà, ó sì yẹ kó hàn nínú àdéhùn. Mo mọ àwọn tó mú ọmọ wọn dání, tí wọ́n rí iléèwé fún un. Mo sì mọ ẹni tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló dúró nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, inú ẹbí ọkọ kò dùn, wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ẹ jọ sọ ọ́ yanjú kẹ́ ẹ tó lọ, kí ẹni tó máa gbèjà yín nílé mọ̀ pé òun ni.

Ní ti àìsàn, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 2014, Ebola pa Dókítà Sheik Umar Khan, ẹni tó ń ṣáájú ìtọ́jú ní Kenema, ìlú kan ní ìlà-oòrùn Sierra Leone. Ọdún yẹn kan náà ló pa Dókítà Ameyo Adadevoh ní Èkó, ẹni tó dá àìsàn náà dúró kó má tàn. Ibà Lassa ṣì wà ní apá ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà ní Ọ̀wọ̀ àti ní ìpínlẹ̀ Ẹdó náà. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì máa fura sí ibà tí oògùn ibà kò bá ran.

Oúnjẹ kò le. Àkàrà wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà, ẹ̀gẹ́ wà, ewé ẹ̀gẹ́ gan-an ni wọ́n ń sè lọ́bẹ̀. Ní Freetown, ẹ máa bá àwọn Aku pàdé, àtọmọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Eégún ṣì ń jáde láàárín wọn. Krio, èdè àjùmọ̀sọ ibẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́ kíákíá. Ní ìlà-oòrùn, ẹ wá ẹni tó máa kọ́ yín ní Mende díẹ̀, ó kéré tán «ọmú», «gìrì», «ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀», nítorí ìyá àgbà tó gbé ọmọ wá lè má gbọ́ Krio.

* * *

ÈSÌ KẸWÀÁ: ÌWÉ, ÀTI ỌJỌ́ ÀTIPADÀ

Dókítà ti padà wá. Ó ní òun ti bá bàbá sọ̀rọ̀, pé ohùn wọn ti rọ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ní tó bá lọ ọdún kan, ipò rẹ̀ nílé ti bọ́ nìyẹn.

Bàbá ò parọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ètò ni kó o ṣe. Gba ìwé ìwà rere lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, kó o tó lọ, ìgbìmọ̀ dókítà ti ìlú tó o ń lọ máa béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó o fọwọ́ kan aláìsàn. Má jẹ́ kí láísẹ́ǹsì rẹ kú, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, níbi yòówù kó o wà. Páásípọ́ọ̀tù ECOWAS á mú ọ wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ni, ẹgbẹ́ náà ló yẹ kó bá ọ ṣe é. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever) kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ní ti residency, ẹ̀kọ́ tí wàá fi di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ dókítà ọmọdé, má retí pé wọ́n máa ka ọdún náà mọ́ ọ lọ́wọ́. Kọ lẹ́tà béèrè lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà kó o tó lọ, kí èsì wọn wà lákọsílẹ̀. Tó o bá lè ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì tí mo ní kó o ṣe nílé yìí, ọ̀nà rẹ á mọ́ sí i nígbà tó o bá dé.

Ìlú Ọba ò sá lọ. Mi ò bá ẹni tó lọ jà, ilé ń béèrè owó lọ́wọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, máa rántí pé tó o bá fẹ́ wo ọmọ ní ìlú Ọba, wàá kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ àkókò lórí ìdánwò. Ní Sierra Leone, ọjọ́ tó o bá dé ni wọ́n máa pè ọ́.

Fún ẹgbẹ́ náà lésì pé wàá wá, pé kí wọ́n fún ọ ní ọdún méjì. Tí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́ gidi, wọ́n á dúró. Tí wọn ò bá dúró, TAC wà níbẹ̀, owó wà nínú tiwọn, ìyẹn á sì tu bàbá lára.

Bàbá sì béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá obìnrin tó ń kọ gbogbo èyí wà lóòótọ́. Mo wà. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá fún ọ ní àdírẹ́sì. Kí ìwọ àti bàbá jọ wá lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fúnra wọn bi mí ní ohun tó kù.